Eré Àpamọ̀ Lórí Ìtàn Iwin: Èwo Ni Kí Ẹ Yàn fún Àwùjọ Yín?

Ohun tó máa ń da eré àpamọ̀ lórí ìtàn iwin rú jù lọ kì í ṣe pé àwọn tó jókòó kò mọ ìtàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti kọ́ ọ̀rọ̀ Faransé náà, fantôme. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kú tó tún ń rìn kiri ni. Ìyá àgbà tó ti Kétu wá, tí wọ́n jókòó tì í, gbọ́ “iwin”. Lójú tiwọn, ará igbó ni, kò ṣe èèyàn rí láyé. Bí apàlọ́ bá wá ní iwin kan wà lọ́kàn òun, tí ọmọ náà sì bi í pé “Ta ló pa á?”, ìdáhùn yòówù kó fún un, ẹnì kan níbẹ̀ máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Torí náà, kí ẹ tó yan eré, ẹ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀. Òkú ni ẹni tó ti wà láàyè rí, tó kú, tó ń fara han èèyàn. Àkúdàáyà náà ti kú, àmọ́ ìlú mìíràn ló lọ tẹ̀dó sí: ó ń ṣòwò, ó lè láya, ó lè bímọ, títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá pàdé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Iwin, ẹbọra àti egbére kò kú rárá, torí wọn kò fìgbà kan jẹ́ èèyàn. (Nínú orúkọ àti òfin àwọn eré ìsàlẹ̀ yìí, bí a bá ní “iwin”, gbogbo wọn lápapọ̀ la ní lọ́kàn, títí kan òkú.) Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún tí D. O. Fágúnwà kọ nípa rẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) kì í ṣe òkú ẹnikẹ́ni. Amos Tutuola tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ yìí hàn láàárín ìwé rẹ̀ méjì: nínú èyí tó jáde ní 1952, ọkùnrin kan wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ sí ìlú àwọn òkú, níbi tí ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń rìn, nínú èyí tó jáde ní 1954, inú igbó iwin ni ọmọdé kan bọ́ sí, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó sì bá níbẹ̀, ará ibẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ghost, ni wọ́n fi ń pe àwọn ará ibẹ̀ àti òkú, ìdí sì nìyẹn tí eré tí a túmọ̀ láti èdè òyìnbó fi ń dá ìjà sílẹ̀ lórí ẹní tiwa.

Eré márùn-ún ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò dáadáa. Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí:

| Eré | Iye èèyàn | Àkókò | Ohun tí ẹ nílò | Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ |
|---|---|---|---|---|
| Àlọ́ alámì mẹ́ta | 3 sí 20 | ìṣẹ́jú 2 | ẹnu nìkan | àmì àkọ́kọ́ ti tú àṣírí |
| Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ | 2 sí 8 | ìṣẹ́jú 5 sí 10 | àkójọ orúkọ 24 | iwin tí ìtàn rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ |
| Ìparí ìtàn | 3 sí 6 | ìṣẹ́jú 10 sí 25 | káàdì ìtàn kan | ìbéèrè tó ní “kò” nínú |
| Ìtàn ìdádúró | 5 sí 15 | ìṣẹ́jú 20 sí 30 | ìtàn tí a kọ sílẹ̀, bébà, bírò | òkú tí gbogbo èèyàn ti fura sí |
| Iwin odi | 4 sí 7 | ìṣẹ́jú 40 sí 60 | àwòrán 54 | àwòrán tí kò sọ nǹkan kan |

Àlọ́ alámì mẹ́ta tàbí bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ohun kan náà ni méjèèjì ń wá: iwin wo ni, inú ìtàn wo ló ti wá? Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí iṣẹ́ já lé léjìká. Nínú àlọ́, apàlọ́ ló ń ṣe wàhálà, àwọn olùgbọ́ kàn ń dáhùn ni. Nínú bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn olùgbọ́ ló ń ro àròjinlẹ̀, apàlọ́ kò ní ju ká má purọ́ lọ. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà mẹ́fà bá pọ̀ níbẹ̀, àlọ́ ni kí ẹ mú. Ọmọdé kì í ní sùúrù fún ìbéèrè méje, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbe “Ààlọ́ o!” láti ìgbà tó ti ń jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

Àmì mẹ́ta ni àlọ́ náà ń ní, èyí tó gbòòrò ló ń ṣíwájú, èyí tó há ló ń kẹ́yìn. Ẹ wo òkú Marley nínú ìtàn Kérésìmesì tí Charles Dickens gbé jáde ní 1843. Àmì kìíní: “Òkú ni mí, alábàáṣòwò mi ni mo wá bẹ̀ wò.” Àmì kejì: “Ọdún 7 ni mo ti kú kí n tó wá.” Àmì kẹta: “Mo ń wọ́ ẹ̀wọ̀n, àpótí owó àti kọ́kọ́rọ́ ló so mọ́ ọn.” Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní àmì kìíní gba máàkì 3, ti kejì gba 2, ti kẹta gba 1. Bí ẹ bá fi ẹ̀wọ̀n ṣáájú, àlọ́ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí àmì kìíní bá ó kéré tán iwin mẹ́rin mu nínú àwọn tí àwùjọ yín mọ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò ṣeé fi pa irú àlọ́ yìí, torí ohun kan ṣoṣo làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ wọn. Òkú ọmọbìnrin Japan tó ń jẹ́ Okiku, tó ń ka àwo lóru láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́sàn-án tó sì ń figbe ta, ìkawo yẹn ni gbogbo ìtàn rẹ̀. Àlọ́ alámì kan ni kí ẹ fi ṣe.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé eré òyìnbó kì í sọ, àmọ́ tó ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa. Bí àgbà bá ń pa àlọ́ tó fi “mo” bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó fẹ́ béèrè ìbéèrè á ní láti sọ pé “Bàbá, ṣé ẹ ti kú?” Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa kò ní í béèrè bẹ́ẹ̀, èyí tó bá sì béèrè, ẹnì kan á bá a wí. Ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà nìkan ni kó máa fi “mo” pàlọ́ fún ara wọn. Bí àgbà bá wà níbẹ̀, “ó” ni kí ẹ lò: “Ṣé ó ti kú?”

Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ sábà máa ń fàyè gba ìbéèrè 20 torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Ó ti pọ̀ jù. Ìbéèrè tó dára máa ń pín àkójọ sí méjì ọgbọọgba; bí ẹ bá ń pín in lọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè 5 tó láti ya ohun 32 sọ́tọ̀, 20 sì tó láti ya 1,048,576 sọ́tọ̀. Fún àkójọ orúkọ 24, ẹ fàyè gba ìbéèrè 7, ìyẹn 5 tó yẹ kó tó, pẹ̀lú 2 fún àṣìṣe. Lójijì, olúkúlùkù á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kó tó lanu.

Àwọn ìbéèrè tó máa ń pín àkójọ dáadáa rèé: Ṣé ó ti jẹ́ èèyàn rí? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Ṣé ojú kan ló máa ń wà? Ṣé ó mọ̀ pé òun ti kú? Ṣé ó ju ẹnì kan lọ tó rí i? Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí tó kẹ́yìn yìí. Bí ẹ bá ní “Ṣé gbogbo èèyàn ló ń rí i?”, òkú bàbá Hamlet nínú eré Shakespeare á da apàlọ́ láàmú: àwọn ẹ̀ṣọ́ àti Horatio rí i lórí odi, àmọ́ nínú yàrá, ayaba kò rí i, ọmọ rẹ̀ nìkan ló rí i. “Ó ju ẹnì kan lọ” kò ní wàhálà: ti bàbá Hamlet, bẹ́ẹ̀ ni, ti Banquo nínú Macbeth, bẹ́ẹ̀ kọ́, torí Macbeth nìkan ló rí i lórí àga, òkú náà kò sì sọ̀rọ̀ kan.

Ẹ yọ gbogbo ìtàn tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìdáhùn kúrò nínú àkójọ. The Turn of the Screw tí Henry James gbé jáde ní 1898 ni àpẹẹrẹ tó lágbára jù: títí dòní làwọn òǹkàwé ṣì ń jiyàn bóyá òkú méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, tàbí inú orí olùkọ́ ọmọ náà ni wọ́n wà. Ìtàn àtàtà ni. Nínú eré yìí, àmọ́, ìbéèrè “Ṣé ó wà lóòótọ́?” kò ní ìdáhùn níbẹ̀, apàlọ́ tó bá sì dáhùn ti fi èrò tirẹ̀ ṣe òfin.

Ìparí ìtàn

Nínú gbogbo wọn, èyí la fẹ́ràn jù fún èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà. Apàlọ́ á sọ ìparí ìtàn kan ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, àwọn olùgbọ́ á máa béèrè títí wọ́n á fi wá ìyókù rí. Àwọn ará Jámánì sọ ọ́ di eré káàdì tí wọ́n ń pè ní Black Stories, ìtàn 50 nínú páálí kan, àmọ́ ẹ lè fi bébà ìwé àjákọ ṣe tiyín. Ìtàn kan tí a ṣe fún eré yìí nìyí:

*Lóru, ìyá kan ní Kétu bu oúnjẹ sínú àwo mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, kò sì sí níbẹ̀ mọ́.*

Olùgbọ́ á sáré lọ sí ìdí àwo: ta ló jẹ ẹ́? Ṣé òkú ló jẹ ẹ́? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé májèlé wà nínú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ará ilé rẹ̀ ló jẹ ẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ọjọ́ ọjà ni? Kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ó lè gba ìbéèrè mẹ́wàá kí ẹnì kan tó ronú pé ìyá fúnra rẹ̀ ni kí àwọn béèrè nípa rẹ̀. Ìdáhùn: ìyá náà ló ti kú. Láti ìgbà tó ti kú ni ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì kò ti lè jẹun. Ó padà wá, ó dáná, wọ́n rò pé aládùúgbò ló gbé e wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ láti máa lọ.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn yẹn ṣiṣẹ́ ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbé àṣírí rẹ̀: “òkú ni ìyá náà.” Bí ẹ bá ń kọ tiyín, ẹ kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó kọ nǹkan mìíràn. Bí àṣírí bá ju gbólóhùn méjì lọ, àwọn olùgbọ́ á mọ ìlàjì, wọ́n á sì sú lórí ìyókù. Lẹ́yìn káàdì, ẹ kọ ohun mẹ́rin: àṣírí, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ohun márùn-ún tó dájú nínú ìtàn (bíi iye ará ilé, ẹni tó jẹun, ohun tí wọ́n rò), àti ìrànwọ́ kan tí ẹ máa fún wọn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá láìsí ìtẹ̀síwájú. Fún ìtàn tòkè yìí, ìrànwọ́ tó tó ni: “Ẹ gbàgbé àwo, ẹ wo ọwọ́ tó gbé e.”

Ìdáhùn mẹ́ta ni apàlọ́ ní, kì í ṣe méjì: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ń fi “bẹ́ẹ̀ kọ́” dáhùn ohun tí kò kan ìtàn ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá béèrè bóyá ọjọ́ ọjà ni, tó sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbà pé ọjọ́ náà ní ìtumọ̀, wọ́n á sì fi ìbéèrè mẹ́fà lé e.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní Àjàṣẹ́ wá látinú èdè méjì tó wà lẹ́nu èèyàn kan náà. Olùgbọ́ béèrè pé “Ṣé kò tíì kú ni?” Lédè Yorùbá, “bẹ́ẹ̀ ni” túmọ̀ sí pé òótọ́ lo sọ, kò tíì kú. Ẹni tó ń fi Faransé ronú á fi “non” gbé ohun kan náà jáde, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Èèyàn méjì gbọ́ ìdáhùn kan, ọ̀kan gbà pé ó kú, èkejì gbà pé ó wà láàyè, wọn kò sì ní mọ̀ títí ìtàn á fi parí. Ẹ fi ṣe òfin pé ìbéèrè tó bá ní “kò” tàbí “kì í” nínú, apàlọ́ á dá a padà pé kí wọ́n tún un béèrè. Òfin kékeré yìí nìkan máa gba ìdajì ìjà yín kúrò.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ tún wà níbẹ̀. Yorùbá fún wa ní ẹ̀bùn kan tí Faransé kò ní: “ó” kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò tilẹ̀ sọ bóyá èèyàn ni tàbí ajá. Ìtàn tó fẹ́ fi akọ tàbí abo pamọ́ á rọrùn fún wa, níbi tí Faransé á ti fi “il” tàbí “elle” tú u. Àmọ́ a ní ibi tiwa náà tó ti ń jò. “Wọ́n” máa ń fi àgbà hàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ orí ẹnì kan pamọ́, tí apàlọ́ bá ṣèèṣì ní “wọ́n jókòó”, gbogbo ilé ti mọ̀ pé kì í ṣe ọmọdé. Ẹ ka káàdì sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì fi etí wá “wọ́n” kiri.

Ìtàn ìdádúró

Bí ẹ bá ju mẹ́fà lọ, ìparí ìtàn kò dára mọ́: ẹni méjì tó lóhùn lẹ́nu á gba ìbéèrè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ẹ lọ sí ìtàn ìdádúró. Ẹnì kan á ka ìtàn tó tó ọ̀rọ̀ 900 sí 1,200, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá láìkánjú. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ìtàn ti kú, kò sì sẹ́ni tó sọ. Òǹkàwé á dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á kọ orúkọ ẹni tó fura sí sórí bébà láìsọ̀rọ̀, á sì dà á délẹ̀.

Máàkì rẹ̀ lọ báyìí. Orúkọ tí ẹ bá dì mú títí dé òpin ni wọ́n máa kà, wọ́n á sì kà á láti ìdúró tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mú: 5 fún ti kìíní, 3 fún ti kejì, 1 fún ti kẹta. Ẹni tó bá kúrò lórí orúkọ tó tọ́ tó tún padà síbẹ̀ ní ìdúró kẹta, 1 ló máa gbà. Ẹ fi 2 kún un fún ẹni tó bá lè sọ gbólóhùn tó jẹ́ kó fura. Bí kò bá sí máàkì 2 yìí, ìméfò lásán lè borí: bí èèyàn márùn-ún bá wà nínú ìtàn, ẹni tó sùn lọ ṣì lè mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan nínú márùn-ún.

Ìtàn fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tó le. Àwọn olùgbọ́ tiwa ti mọ àkúdàáyà láti kékeré, torí náà àlejò tó wọ̀lú tí kò ní ará ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jẹ́ kí àlejò wà níbẹ̀, kí ó sì wà láàyè. Onílé ni kí ẹ fi ṣe òkú.

Àpẹẹrẹ kan nìyí, ní agboolé kan lábẹ́ òkè ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni márùn-ún ló wà níbẹ̀: káfíńtà tó jẹ́ àlejò, ìyá àgbà, ọmọdé kan, àbúrò baálé, àti baálé fúnra wọn. Láti òwúrọ̀ ni baálé ti ń kí gbogbo èèyàn. Kí ìdúró kìíní tó dé, baálé ti bi káfíńtà léèrè owó ilé, káfíńtà sì ń fá igi rẹ̀ lọ láìwòkè. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni: “Lálẹ́, ó mú owó náà wá, wọ́n sì gbà á.” Olùgbọ́ gbà pé baálé ni “wọ́n” yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ìyá àgbà àti àbúrò baálé ló gba owó. Ibí yìí ni èdè wa ti ṣiṣẹ́ fún òǹkọ̀wé: “wọ́n” fún àgbà kan àti “wọ́n” fún èèyàn púpọ̀, ọ̀kan náà ni lẹ́nu. A kò purọ́, àmọ́ àṣírí náà sá pamọ́ síbẹ̀ gbangba. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí àgbà méjì ó kéré tán wà nínú ìtàn. Bó bá jẹ́ baálé nìkan ni “wọ́n” dára fún, ó ti tú.

Kí ìdúró kejì tó dé, òjò rọ̀ mọ́jú, gbogbo ará ilé kọjá lójúde, ọmọdé náà sì ń gbálẹ̀, ó ka ipa bàtà ẹni mẹ́rin. Ẹ má ṣe tẹnu mọ́ iye náà. Ẹ jẹ́ kí ó wà láàárín gbólóhùn, kí ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e kíá. Kí ìdúró kẹta tó dé, ìyá àgbà bu iyán mẹ́rin, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n sì bu ìkarùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn èyí kò tẹ́tí sílẹ̀.

Kí ẹ tó kà á fún ẹnikẹ́ni, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí òkú náà sọ, kí ẹ sì wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá dá a lóhùn, yálà kí ẹ pa á rẹ́, yálà kí ẹni tó dáhùn jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń rí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ yìí, ọmọdé náà ni. Ìtàn tí káfíńtà ti ní “Ẹ káàárọ̀, Bàbá” sí baálé lẹ́ẹ̀kan péré ti bàjẹ́. Àwọn olùgbọ́ á rántí rẹ̀ ní òpin, wọ́n á sì ní ẹ tan àwọn jẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àwọn ìwé tó ti sọ ẹni tó kú ní ojú ewé àkọ́kọ́ kò ṣeé fi ṣe eré yìí. Ìtàn Marley tí a mẹ́nu bà lókè, ìkú rẹ̀ ni gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó wúlò fún àlọ́, kò wúlò níhìn-ín.

Iwin odi

Bí àwùjọ yín bá pọ̀ lédè, tí ẹnì kan gbọ́ Yorùbá, tí ẹnì kejì gbọ́ Gùn, tí ẹnì kẹta gbọ́ Faransé nìkan, èyí ni kí ẹ mú, torí ẹni tó mọ àṣírí kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Èyí tí wọ́n ń tà ni Mysterium (2015): èèyàn 2 sí 7, ẹnì kan jẹ́ òkú tí wọ́n pa, àwòrán àlá ló fi ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní wákàtí 7 inú ìtàn láti mọ ẹni tó pa á, ibi tó ti pa á àti ohun tó fi pa á. Àwòrán rẹ̀ rẹwà gan-an, àmọ́ inú ilé ńlá kan nílẹ̀ Yúróòpù ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé.

Ẹ lè ṣe tiyín. Ẹ gé àwòrán 36 jáde láti inú kàlẹ́ńdà àtijọ́ àti ìwé ìròyìn, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí kan náà kí ẹ̀yìn wọn má bàa yàtọ̀. Ẹ ya èèyàn 6, ibi 6 àti ohun 6 sórí páálí mìíràn: ìyẹn 18. Ibi lè jẹ́ etí ọ̀sà, ọjà, ẹnubodè Akaba Ìdènà ní Kétu, inú ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn 6 lọ́nà 6 lọ́nà 6 jẹ́ 216, torí náà kò sẹ́ni tó lè fi ìméfò mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iwin mú àwòrán 5 lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀kan tàbí méjì hàn lẹ́ẹ̀kan, ó ń mú òmíràn dípò. Wọ́n ní ìgbà 7.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àwòrán tí ojú èèyàn nìkan wà nínú rẹ̀. Ojú ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín kò tọ́ka sí ibì kankan. Ẹ wá àwòrán tí ohun mẹ́ta ó kéré tán wà nínú rẹ̀: àwọ̀ kan tó hàn, ohun èlò kan, àti ìrìn tàbí iṣẹ́ kan. Iwin náà gbọ́dọ̀ bo ojú rẹ̀ tàbí kó kẹ̀yìn sí wọn nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn. Ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu lásán tó láti tú gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó kù

Eré fífi ara ṣàpẹẹrẹ iwin dùn fún ọmọdé, àmọ́ gbogbo iwin ló máa dà bí ara wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti Japan tó ń jẹ́ Hyakumonogatari, níbi tí wọ́n ti ń tan iná 100 tí wọ́n sì ń pa ọ̀kan lẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan, ẹ dín in kù sí 7, kí àwọn olùgbọ́ sì sọ èwo nínú ìtàn méje ni apàlọ́ hun lójú ẹsẹ̀ àti èwo ló bá nínú ìwé. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Àbẹ́là méje lórí ẹní, nínú òkùnkùn, láàárín ọmọdé, ewu ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ìtàn àròsọ ni kí ẹ dúró lé. Ẹ má fi òkú àdúgbò tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ pàlọ́. Ẹ sì yọ gbogbo káàdì tó bá ní “Ta ló wà lábẹ́ aṣọ?” kúrò pátápátá. Egúngún, Orò àti Zangbeto kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mọ̀ lérèé. Ní ilé tí wọ́n ti ń sin ín, ìbéèrè yẹn nìkan á tú àwùjọ ká.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é lórí WhatsApp, ìparí ìtàn ló bá a mu jù, torí ìbéèrè àti ìdáhùn máa wà níbẹ̀ fún ẹni tó pẹ́ dé láti kà. Ẹ fi àmì ohùn sí i. “Oko” tí kò ní àmì lè jẹ́ oko tí wọ́n ń ro, ọkọ obìnrin, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, olùgbọ́ tó bá sì mú ọkọ̀ dípò ọkọ á máa wá awakọ̀ kiri nínú ìtàn tí kò sí awakọ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù yín kò bá ní àmì, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ìdáhùn nìkan wà ní kíkọ: BN, BK, àti KK fún èyí tí kò kan ọ̀rọ̀ náà.